Ọtí Rírú àti Ilẹ̀kẹ̀ Pupa

Èmi Ọdẹ́rónkẹ́ ni mo wọ Igbó Kùrukùru lọ wá ewé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fọ́ ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ewé náà, mo gbé e bọ̀, ọtí tí gbogbo ìlú ń pè ní ìdọ̀tí sì di ọtí tí àwọn àgbà ọkùnrin ń torí rẹ̀ ti ara wọn ṣubú.

Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kó tètè máa lọ sílé rẹ̀, torí n kò lọ síléèwé, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Ìbọn ni bàbá mi kọ́ mi. Ìwé, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ lára páálí ọṣẹ àti lára kàlẹ́ńdà. Bí mo ṣe ń yìnbọn ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀: mo wo ẹran, mo fà á, ó parí. Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ hú u tán báyìí, kó má baà hú u níbi tó dùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa imú mi. Ọdẹ mìíràn ní ojú, òmíràn ní etí, èmi imú ni mo ní. Bí ìmàdò bá tọ̀ sí ìdí igi lánàá, mo lè sọ fún yín lónìí bóyá akọ ni tàbí abo, àti bóyá inú ń bí i nígbà tó ń tọ̀. Mo máa ń gbóòórùn òjò kí àwọsánmà tó mọ̀ pé òun máa rọ̀. Nígbà tí ọkọ mi Akínlàjà wà láyé, kò lè jẹun níta kó parọ́ fún mi. Bó bá ku ilé márùn-ún kó dé ilé, mo ti ń kígbe láti ìdí ààrò pé, “Ẹ kú oúnjẹ Ìyá Alákàrà o!” Á dúró sójú ọ̀nà, á máa fi ọwọ́ nu ẹnu. Àwọn ọdẹ ọkùnrin méje tó wà ní Ìdí-Àfọ̀n, ìlú wa, máa ń mú mi dání lọ sígbó bí wọ́n ṣe ń mú ajá dání, wọ́n sì máa ń fún mi ní itan ẹran, èyí tí wọn kì í fún ajá. N kò ṣe fáàrí. Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ fi imú yìí sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Ojúọlápé, apọntí ni. Ọtí ọkà bàbà ni ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà, ìkòkò ìyá wa ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń lò, ìkòkò ńlá kan tí etí rẹ̀ ọ̀tún ti ya kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ́kọ, kò bímọ, ìkòkò yẹn ló ní. Bó bá ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ẹ máa rò pé ẹnìkan ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bíà onígò ti wọ ìlú wa, tí àwọn ènìyàn sì rí i pé àwọn lè rí ìka ọwọ́ àwọn láti òdìkejì ife, ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn apọntí wa. Ìyá ẹgbẹ́ wọn, Màmá Tinúọlá, ra ìgò bíà kan, kò mu ún, ó gbé e sórí pẹpẹ bí ère, ó ní bí gbogbo ọtí Ìdí-Àfọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ máa mọ́ nìyẹn. Ó wá ṣe òfin ilẹ̀kẹ̀. Wọ́n á bu ọtí rẹ sínú abọ́ tánganran funfun, wọ́n á sọ ilẹ̀kẹ̀ pupa kan sí i, ìyá ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bó bá rí ilẹ̀kẹ̀, ọtí rẹ kọjá. Bí kò bá rí i, wọ́n á da ọtí náà sí kòtò. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á dojú ìkòkò rẹ délẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, o kò sì ní pọntí mọ́ títí ayé rẹ.

Ọtí ẹ̀gbọ́n mi kì í tòrò. Ó máa ń po jéró mọ́ ọkà bàbà, ó sì kórìíra asẹ́. Ó ní bí òun bá ti sẹ́ ọtí, gbogbo ara ọtí ló ń bá èèrí lọ, èyí tó kù kò ju omi tí èèyàn fi fọ ẹnu lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọtí náà máa ń rú bí odò tí màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá. Lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n dà á sí kòtò. Lẹ́ẹ̀kejì, Màmá Tinúọlá wo inú abọ́ títí, ó gbé orí sókè, ó ní:

“Ojúọlápé, ṣé ọtí lo pọn ni, àbí aṣọ lo fọ̀?”

“Ẹ tọ́ ọ wò ná, màmá.”

“Kí n tọ́ ohun tí n kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọtí tó mọ́ gaara, tó ń dán bí ojú ọmọge láàárọ̀ ọdún, tó ń tàn bí oòrùn lójú omi, tó ń...”

“Ó ti tó,” ni mo sọ láti ẹ̀yìn. “Ọtí ni, kì í ṣe ọmọge.”

“Ẹ bá mi sọ fún ọdẹ yìí kó panu mọ́ o! Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún òní, a ó padà wá. Bí n kò bá rí ilẹ̀kẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, ìkòkò Ìyá Ọtí-Rú á di àpáàdì.”

Orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, Ìyá Ọtí-Rú. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó lọ sílé, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ìkòkò náà bí ẹni tó ń bo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Mo wo ohun tó ṣe yẹn. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká.

Ìdí tí mo fi gba Igbó Kùrukùru lọ ni pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí mo ti ń tọpa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kan, atẹ́gùn fẹ́ òórùn kan wá bá mi láti ìhà ibẹ̀. Máńgòrò ni, ọsàn ni, ọ̀pẹ̀yìnbó ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ewé kan wà nínú igbó yẹn tó ń tún ọtí ṣe, pé ẹni tó bá lọ wá a kì í bọ̀ ní pípé. Mo rò ó bí òpè ṣe ń rò: mo ní òórùn tó mọ́ báyẹn, ó ní láti mú ọtí mọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn. N kò ní sọ bí mo ṣe jẹ àti bí mo ṣe sùn, gbogbo yín ń jẹ, ẹ sì ń sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀nà tínrín kan gbé mi dé àárín igi àràbà méjì, ohun kan sì wà níbẹ̀ tó dí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ọrùn rẹ̀ ga kọjá orí igi. Ọlọ́rùn-Gígùn lorúkọ rẹ̀. Ẹ má pariwo, ọrùn ni mo sọ, n kò pe Ọlọ́run sí i. Ó sọ orí kalẹ̀ wá bá mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ korobá sínú kànga, ó ní:

“Ìwọ àlejò, ìwọ ìràwọ̀ tó já bọ́ sínú ìrì, ìwọ òdòdó tí atẹ́gùn fi ń ṣeré níwájú ààfin...”

“Ta lẹ ń bá wí?”

“Ìwọ ni.”

“Ọdẹ́rónkẹ́ lorúkọ mi.”

Ó ṣẹ́jú. Ó ní, “Kò sí ẹni tó ń kọjá níhìn-ín láìfi ọ̀rọ̀ dídùn yin ọrùn mi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn, o kọjá. Bí kò bá dùn, mo gbé ọ mì.”

Mo gbójú sókè, mo rí kókó mẹ́rin lára ọrùn náà, ọ̀kan sì ń mira. Mo wá ọ̀rọ̀ dídùn títí nínú orí mi, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. N kò tọ́jú rẹ̀ rí. Mo wo ọrùn náà bí mo ṣe ń wo ẹran, mo ní:

“Ọrùn yín gùn.”

Ó ní, “Ṣé ó tán?”

“Ó tán. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní láti máa dùn yín bí òjò bá ń rọ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun náà bú sẹ́kún. Omijé rẹ̀ ń já bọ́ láti òkè, ó ń rin mí lórí. “Ó máa ń dùn mí!” ló ń wí. “Ọdún mélòó! Wọ́n ní ọ̀pá àṣẹ ni, wọ́n ní òṣùmàrè ni, wọ́n ní àkàsọ̀ tí oòrùn ń gùn ni. Kò sí ẹnì kan tó bi mí rí pé ṣé ó ń dùn mí!” Mo yọ òrí jáde nínú àpò mi, mo ní kó dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ọrùn náà láti ìsàlẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Bí mo bá ti ra dé ibi kókó kan, kókó náà á yọ̀, á gba ẹnu jáde, á sì jẹ́ odidi ọdẹ pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, kò sí ẹni tó kí mi nínú wọn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n ń sọ lọ bí wọ́n ṣe ń sá.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ọlọ́rùn-Gígùn dá mi dúró. Ó ní, “Ẹni tó ni ọgbà níwájú, ohun tí kò ní ni yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ.” Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Kùrukùru bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ò rí ju apá kan lọ, ṣùgbọ́n kí lèmi fẹ́ fi ojú ṣe? Mo di ojú mi, mo tẹ̀lé imú mi, òórùn náà ń le sí i títí ó fi dà bíi pé mo ń rìn nínú ikùn máńgòrò. Mo lajú, mo bá ara mi nínú ọgbà. Wọ́n ri òpó gíga mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn sí i, ewéko kan sì ń gun okùn náà lọ bí iṣu ṣe ń gun igi. Òdòdó rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó dì bí ọwọ́ ọmọ tuntun, ewé lórí ewé. Arúgbó obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fọkọ́ ro ìdí wọn. Ó yíjú sí mi. Láti ojú rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Kò ní imú.

“Ẹ kú iṣẹ́ oko, màmá,” ni mo wí.

“Kí lo wá ṣe?” Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń jà.

“Ewé ni mo wá wá. Ọtí ẹ̀gbọ́n mi rú, wọ́n sì fẹ́ fọ́ ìkòkò rẹ̀.”

“Ṣé o fẹ́ kó tòrò ni, àbí o fẹ́ kí wọ́n mu ún?”

“Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?”

“Bó bá jẹ́ ohun kan náà ni, omi lẹ̀yin ènìyàn ì bá máa mu yó.”

Mo ro ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, “Kí wọ́n mu ún.”

“Ẹ jẹ́ kó rú nígbà náà. Ara ohun tó rú ni òórùn ewé mi ń dì mọ́. Bí ẹ bá sẹ́ ẹ, ẹ sẹ́ ewé mi dànù nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kó rí iná. Ìgbà tí ọtí bá ti tutù, tó bá ti ń hó fúnra rẹ̀, ni kẹ́ ẹ jù ú sí i, kẹ́ ẹ dé e fọ́jọ́ mẹ́ta. Kẹ́ ẹ sì tètè mu ún. Kì í ṣe ọtí tí wọ́n ń fi pamọ́ de àlejò.”

“Mo ti gbọ́. Kí ni ẹ ó gbà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọtí tó bá rú, ẹnìkan ní láti rúbọ fún un.”

Mo rò pé ẹran ló ń bèèrè. Mo yọ awó tí mo pa láàárọ̀ jáde. Ó ní òun kì í jẹ ẹran. Mo ní, “Aáṣà ńkọ́? Mo ní aáṣà tó dára.”

“Níbo ni kí n fà á sí?”

Ojú tì mí, mo dá aáṣà padà sápò. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ gúnlẹ̀, ó jókòó lórí ebè. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín imú nínú igbó, òun ń ro oko lọ́wọ́, òun ní kí òun parí poro kan ná. Kí òun tó dé, àwọn Onímú-Méje ti dé, wọ́n ti kó méje méje, kò ku ẹyọ kan. “Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbin nǹkan yìí,” ló wí. “Wọ́n máa ń wá dúró lẹ́yìn ọgbà mi, wọ́n á fà á símú, wọ́n á máa ké ‘Háà! Háà!’ Èmi tí mo gbìn ín, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ké sí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

“Fún mi ní imú rẹ,” ló wí.

“Kí lẹ sọ?”

“Ẹran ara rẹ̀ á wà lójú rẹ, máa fi fun ikun. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́.”

Mo dìde. Mo ní, “Màmá, imú yìí ni iṣẹ́ mi. Imú yìí ni wọ́n fi ń pè mí ní ọdẹ.” Mo gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́rin sọ́nà ilé, mo tún rí ìborùn ẹ̀gbọ́n mi lórí ìkòkò lọ́kàn mi. Mo padà. Mo ní, “Bí mo bá gbé e lọ tí wọ́n sì dà á sí kòtò ńkọ́?”

“Imú rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá mu ún tán, tó bá ní kí wọ́n bù sí i, ọjọ́ náà ni n ó gba tèmi.”

Mo gbà. Ẹ má wò mí báyẹn. Mo rò ó nínú mi pé n ó ti rí ọgbọ́n kan dá kí ọjọ́ náà tó pé.

Ó já ewé náà kún agbọ̀n kan fún mi. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ìró fíìn-fíìn-fíìn lẹ́yìn mi. Àwọn Onímú-Méje ni. Wọ́n pọ̀ ju ogún lọ, ojú wọn kò hàn rárá, imú ló bò ó, òmíràn tilẹ̀ ní ọ̀kan lórí eékún. Òórùn agbọ̀n mi ló gbé wọn dìde. Mo sáré títí, mo gun igi, wọ́n ń gbóòórùn mi. Mo wọ odò, wọ́n ń gbóòórùn mi. Nígbà tí ọ̀kan wọn na ọwọ́ mú ìdí agbọ̀n, ni mo rántí pé ọdẹ kì í wọgbó láìmú ohun ọbẹ̀ dání. Mo fa ògìrì jáde nínú àpò mi. Kì í ṣe ògìrì ọjọ́ kan o, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ló ṣe é, òun fúnra rẹ̀ máa ń yíjú bó bá ń tà á. Mo fi ra gbogbo ara agbọ̀n, mo sì ju èyí tó kù sáàárín wọn. Ẹni tó ní imú kan, ìyà kan ló jẹ. Àwọn wọ̀nyí jẹ méje. Wọ́n ń yí nílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ méjì di imú méje, àwọn imú tí ọwọ́ kò kárí ló ń dá wọn lóró. Ẹ̀rín lèmi fi sáré dé ẹ̀bá oko Ìdí-Àfọ̀n.

Mo gbé agbọ̀n fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń lò ó fún un, àfi ọ̀rọ̀ imú. Mo lọ wẹ̀. Kí n tó wẹ̀ tán, imú mi ti gbọ́ ọ. Mo fi aṣọ ìnura sáré jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti da ìdajì agbọ̀n sínú ìkòkò tó ń hó lórí iná.

“Mo ní kó má rí iná!”

“Rónkẹ́, ewé wo ni wọn kì í sè? Ṣé ewé tí a kò sè lè ṣe èèyàn láǹfààní?”

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni nínú yín tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ewé dọ́wọ́ wa, a ti gbé e kaná. Ohun tó jáde nínú ìkòkò yẹn korò tó bẹ́ẹ̀ tí òbúkọ wa fi tọ́ ọ lá, tó kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá Fádíyà tí ibà ń ṣe lẹ́yìnkùlé mu ife kan, ibà rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn ibà náà ju ohun tí òun mu lọ. A dà á nù. A tún ọtí mìíràn pọn, nígbà tó sì tutù, tó ń hó fúnra rẹ̀, a da ìdajì ewé tó kù sí i, a dé e. Mo jókòó tì í fọ́jọ́ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n mi má baà dáná sí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Màmá Tinúọlá dá, a ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi wo inú rẹ̀, ó káwọ́ lérí. “Rónkẹ́! Ó rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! O ti pa mí!” Ó rú lóòótọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi máńgòrò, n kò rí ìka ara mi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò wò ó. Mo di ojú mi. Máńgòrò wà níbẹ̀, èyí tó ti pọ́n jù tó já bọ́ sórí koríko tútù. Èèpo ọsàn wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná bó o. Mo ń fà á símú bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò.

Wọ́n dé. Gbogbo ẹgbẹ́ apọntí wọ aṣọ funfun, òòlù wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n mi di etí ìkòkò mú, èyí tí kò ya. Wọ́n bu ọtí sínú abọ́ tánganran, wọ́n sọ ilẹ̀kẹ̀ sí i, ó rì, kò sí ẹni tó rí ibi tó gbà. Màmá Tinúọlá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ láti wò ó.

Kò dìde.

“Ẹ rí ilẹ̀kẹ̀ ni, màmá?” ni ẹnìkan bèèrè.

“Mo ṣì ń wá a.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí i. Imú rẹ̀ kan ọtí. “Ó dà bíi pé ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù díẹ̀.” Ó fi ẹnu kan abọ́, ó mu díẹ̀. “N kò tíì rí i.” Ó tún mu. “Ó ń sá fún mi.” Ó gbé abọ́ náà sókè, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, a kò rí ojú rẹ̀ mọ́, ìdí abọ́ nìkan là ń wò. Nígbà tó gbé e kúrò lẹ́nu, fòófòó ọtí wà ní irùngbọ̀n tí kò ní. Ilẹ̀kẹ̀ pupa náà jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́ gbígbẹ.

“Ilẹ̀kẹ̀ rèé!” ló kígbe. “Ẹ wá wò ó! Ta ló ní a kò lè rí i?”

Mo rí i tó tún ya ẹnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ẹ gbọ́, mo lè da gbogbo rẹ̀ rú níbẹ̀. Òfin ní tí wọ́n bá rí ilẹ̀kẹ̀, ó kọjá, wọ́n sì ti rí i. Bí mo bá ta abọ́ yẹn dànù lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo bá fi ariwo lé wọn jáde, ẹnikẹ́ni kò ní bù sí i, imú mi á wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu obìnrin yẹn. Ọdún mélòó ló ti ń pọntí, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un rí. Mo dúró síbi tí mo wà.

“Ojúọlápé,” ni Màmá Tinúọlá wí, “bù sí i.”

Imú mi lọ. Kò dùn mí. Ó kàn dà bí ìgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá bá jáde, tó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù. Láàárín oṣù mẹ́ta, asẹ́ ti kún orí ààtàn Ìdí-Àfọ̀n. Ìgò bíà tó wà lórí pẹpẹ, Màmá Tinúọlá ń fi í rọ epo báyìí. Àwọn kan tí kò mọ̀ ọ́n pọn ń da ìyẹ̀fun sínú ọtí kó lè rú, inú ń run àwọn tó mu ún. Ìyá Ọtí-Rú ni wọ́n kọ sára ògiri ẹ̀gbọ́n mi, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Onímọ́tò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń bèèrè ni, “Ṣé ó rú?” Ewé náà, ẹ̀ka rẹ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n ni a gbìn, ó ń gun igi lẹ́yìnkùlé wa.

Àwọn ọdẹ méje yẹn ti ra ajá. Lánàá, ọbẹ̀ mi jóná di èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo jókòó sí, aládùúgbò ló wá sọ fún mi. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rò ó pé arúgbó kan wà láàárín ọgbà rẹ̀ tó ń ké “Háà.” N kò bá a bínú.

Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣí ìkòkò, ó máa ń bu ti àkọ́kọ́ wá fún mi. Mo máa ń mu ún. Ó tutù, ó nípọn, ó korò díẹ̀ níparí. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Màmá Tinúọlá náà máa ń wá jókòó tì mí, á gbé ife sí imú, á sì bẹ̀rẹ̀, á ní ó ń rùn bí ọgbà ọba lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, bí ẹ̀rín ọmọge tó ń jẹ máńgòrò lẹ́bàá odò, bí, bí, bí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ayé yìí. Bó bá dákẹ́, tó wò mí, tó ń retí kí n sọ pé ó ti tó, mo máa ń fi ọwọ́ kàn án léékún.

“Ẹ sọ sí i, màmá,” ni mo máa ń wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ sí i.”